Alága Ló Bo Oòrùn Lójú

Ọmọ mi Oníwáyà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le bí ọta? Ṣé ọ̀gá rẹ kò fi ojú rẹ rí màbo? Èmi bàbá rẹ wà láàyè, ìyá rẹ náà wà láàyè, ó kàn bínú fún ìgbà díẹ̀ ni, ìbínú náà sì ti rọlẹ̀ báyìí. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ fún ọ. Wáyà tí o bá fọwọ́ kàn kò ní gbé ọ. Ẹni tó bá ní kí o má ga, àjà ilé rẹ̀ ni yóò máa forí gbá láàárọ̀ lálẹ́. Àmín.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí bàbá mi ní fóònù tó tún ń kọ lẹ́tà. Ṣé o rántí ẹni tó ń ṣọ́ òpó fóònù tó wà lórí òkè lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́? Ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Alágogo ni, paraku. Abẹ́ òpó yẹn ló ń sùn, abẹ́ rẹ̀ ló ń jí, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá sì bá ọ sọ, ìdí rẹ̀ ni yóò gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ kì í gba ìdí ẹnikẹ́ni kọjá, pé inú afẹ́fẹ́ ló ń rìn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ta ló wá ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ tó yí òpó náà ká? Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo lẹ̀ ẹ́ pa, tí mo sì fi lé awakọ̀ tó ń kó ẹrù wá sí ìlú yín lọ́wọ́. Òun kò mọ̀wé, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀.

Ilé dára. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, akọ kan, abo kan, ó sì ń gbéra ga bí ẹni pé òun nìkan ló bímọ rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ránṣọ ti ra ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun tó ń lo iná. Nítorí pé kò sí iná, ti àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ló ṣì ń lò, ó wá fi tuntun náà ṣe tábìlì tó ń gé aṣọ lé. Ó ní àwọn oníbàárà ń bọ̀wọ̀ fún òun sí i láti ìgbà tó ti ra tábìlì náà. Òjò rọ̀ lásìkò, tòmátì so débi pé a ń fi igi ti ẹ̀ka rẹ̀ kó má baà ya, ata náà pọ́n lóko bí ẹni tan iná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yàrá òtútù ni mo torí rẹ̀ jókòó. Ìwọ náà gbọ́ ìdajì rẹ̀ lórí fóònù ìyá rẹ kí owó inú rẹ̀ tó tán, èyí tó kù ni mo fẹ́ sọ, mo sì fẹ́ kí o kà á sí ọ̀gá rẹ létí. Mo gbọ́ pé ó ní bí oṣù yìí bá fi parí tí a kò kó ẹyọ tòmátì kan sínú yàrá náà, òun yóò rán ọkọ̀ wá kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n gbé e fún ìlú mìíràn. N kò ní kó má bínú. Èmi náà ìbá bínú. Kó kàn gbọ́ tẹnu mi kó tó rán ọkọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀yin òṣìṣẹ́ parí yàrá náà, o kó gbogbo wa jọ síwájú rẹ̀ lẹ́bàá ọjà. O ní oòrùn yóò wọ inú àwọn páànù dúdú tó wà lórí òrùlé, páànù yóò sọ ọ́ di iná, iná yóò sọ ọ́ di òtútù, òtútù yóò sì pa tòmátì mọ́ títí oníbàárà gidi yóò fi dé, tí àwọn ìyá ọlọ́jà kò fi ní máa bẹ àwọn alájàpá mọ́ kí wọ́n rà á ní ọ̀pọ̀ kó tó jẹrà. Mo pàtẹ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Bí ooru ṣe ń bí òtútù kò yé mi, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé a ti rí bàbá oníjàgídíjàgan tó bí ọmọ jẹ́jẹ́, kò sí ohun tí Ọlọ́run kò lè ṣe.

Eruku ọkọ̀ yín kò tíì rọlẹ̀ tí káńsẹ́lọ̀ wa fi dé. O mọ̀ ọ́n, èyí tó máa ń tún aago ṣe tẹ́lẹ̀, tí aago rẹ̀ kì í sọ òótọ́. Ó ní iṣẹ́ dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i títí alága ìjọba ìbílẹ̀ yóò fi wá gé ríbọ́ọ̀nù. Ó ní bí àwọn obìnrin ọjà bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó báyìí, tó bá di ọjọ́ ìbò, ẹgbẹ́ Alágogo yóò ní àwọn ni àwọn ṣe é. Ó ní ẹgbẹ́ wa, ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ja, nílò olóòótọ́ kan tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wo èmi. Ọmọ mi, má fi mí rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ Ẹlẹ́ja ti dé ìlú yìí ni mo ti ń dé fìlà wọn lójò lẹ́ẹ̀rùn, ọjọ́ tí wọ́n fi ìbò na wá, n kò fẹnu kan oúnjẹ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Mo fi okùn sí i, mo gbé e kọ́ ọrùn.

Nígbà tí o pè pé kí n ṣí ilẹ̀kùn, mo ní kí ìyá rẹ sọ fún ọ pé o mọ iná, o kò mọ òṣèlú.

Àwọn Alágogo gbọ́, wọ́n ní àwọn kò ní gbà. Wọ́n ní aṣòfin tiwọn ló kọ́kọ́ dárúkọ yàrá òtútù ní ilé ìgbìmọ̀, nítorí náà òun ló ni í. Wọ́n lọ ra àgádágodo tiwọn, wọ́n fi há ilẹ̀kùn náà lórí tiwa, wọ́n sì gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀rẹ́ mi tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Èmi àti ọkùnrin yẹn ti jọ jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré. Láti ìgbà ìbò tó kọjá, ikọ́ nìkan la fi ń kí ara wa. Bó bá ń kọjá, yóò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, èmi náà yóò wúkọ́ padà, ó parí. Ìyá rẹ tilẹ̀ ra oògùn ikọ́ fún mi.

Káńsẹ́lọ̀ tún padà wá. Ó ní alága kò tíì ráyè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí aráyé ti máa mọ ẹni tó ni iṣẹ́. Ó gbé aṣọ rọ́bà ńlá kan wá tí wọ́n ya ojú alága sí, ó fẹ̀ tó ìdajì òrùlé yàrá náà, eyín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ gùn tó apá mi. Wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò gbé e kọ́. Ara ògiri kún fún orúkọ iléeṣẹ́ yín. Èmi, bàbá rẹ, ni mo là wọ́n lọ́yẹ. Mo ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí òrùlé, nítorí ọ̀nà wa láti orí òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ yóò ti òkèèrè rí alága. Káńsẹ́lọ̀ gbá mi lẹ́yìn, ó ní orí mi pé. Mo gun àkàbà, mo so ó mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú mi tún dùn nítorí tìrẹ, mo rò pé aṣọ náà yóò dáàbò bo àwọn páànù rẹ kí oòrùn má baà bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Alágogo ti tẹ́ aṣòfin tiwọn sórí ìdajì tó kù. Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n kọjú sí ọ̀run, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

A ń retí alága. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá, a to àga, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kọrin títí ohùn wọn fi há. Ó ránṣẹ́ pé òun ti lọ sí òkè òkun, pé ìpàdé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olórí bí ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe ń sọ ìlú di ọlọ́rọ̀. A ní Ọlọ́run yóò dá a padà láyọ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dá, òun àti igbákejì rẹ̀ jà lórí ẹni tí yóò di àlùmọ́gàjí mú, wọ́n sì ti ìdí ìjà náà padà sílé láì dé ọ̀dọ̀ wa.

Tòmátì kò mọ̀ pé alága ń bọ̀. Ó ń pọ́n. Ìyá rẹ ti gbin ìlọ́po méjì nítorí ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ yẹn. Láràárọ̀ ni yóò máa ṣà á, yóò kó èyí tó le sápá kan, yóò kó èyí tó ti rọ̀ sápá kejì, apá kejì sì ń ga sí i lójoojúmọ́. Kò pariwo. Ìwọ náà mọ̀ pé ìyá rẹ tí kò bá pariwo, kí onílé wá ibi sá sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo jókòó láti jẹun, òórùn kan gbá mi nímú. Agbọ̀n tòmátì jíjẹrà ló wà lábẹ́ tábìlì, ó fi fìlà ẹgbẹ́ mi dé e lórí. Mo béèrè pé kí lèyí. Ó ní, Bàbá Oníwáyà, ṣebí ẹ ní kí wọ́n dúró de alága, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró dè é. Ó ní òun kò rí irú rẹ̀ rí láyé òun, ẹgbẹ́ ẹja tó ń sá fún òtútù. Ó ní ẹja tó bá kọ òtútù, òórùn ló ń gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó bọ́ síta, n kò lè jẹun mọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni o pè tí o sọ ohun tí ọ̀gá rẹ sọ. Ìyá rẹ jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ sókè, mo ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. O ní ọ̀pọ̀ ìlú ló bẹ̀bẹ̀ fún yàrá náà, ìwọ lo kúnlẹ̀ pé ìlú tí wọ́n ti bí ọ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wá, pé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ti ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí pé àwọn ará ilé rẹ fẹ́ràn àgádágodo ju oúnjẹ lọ. O wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti dàgbà tó ẹni tó ń dìbò ni mo ti ń dìbò. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwọn tí mo dìbò fún tó sunkún nítorí ìlú yìí rí.

Ilẹ̀ mọ́, mo mú kọ́kọ́rọ́ mi, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́. N kò wúkọ́. Mo kí i. Ó gbé ojú sókè, ó béèrè pé ta ló kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú, ọmọ mi ló ń sunkún. Ó ní Oníwáyà? Ọmọ tó tú pọ́ǹpù táyà òun palẹ̀ nígbà tí kò tíì ga tó àga, tó sì tò ó padà tó wá ń fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Mo ní òun náà ni. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dìde. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó tún dúró. Ó ní bí àgádágodo tòun bá kọ́kọ́ ṣí, àwọn èèyàn òun yóò ní òun ti ta ẹgbẹ́. Mo ní bí tèmi bá kọ́kọ́ ṣí, wọn yóò ní mo ti ya wèrè. Àwọn obìnrin ọjà tó ti kó agbọ̀n jọ sẹ́yìn wa ní kí a má da ara wa láàmú, àwọn yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta fún wa kí a jọ yí kọ́kọ́rọ́ pa pọ̀. Wọ́n kà á, a yí i, ilẹ̀kùn ṣí.

Ooru tó jáde síni lójú kì í ṣe kékeré. Bí inú ààrò búrẹ́dì ni. Mo kọjú sí wọn, mo ní ṣé ẹ ti wá rí i báyìí? Mo ní mo ti wí i pé ẹ̀rọ ìjọba mọ ìjọba, kò ní tutù fún ẹni tí kì í ṣe alága. Ìyá rẹ gbé fóònù, ó pè ọ́. O béèrè pé ṣé nǹkan kan wà lórí òrùlé. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, alága nìkan ló wà níbẹ̀. O ní alága wo? Mo ní tiwa, tiwọn náà sì dùbúlẹ̀ sápá kejì. O wá lọgun pé, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ alága kalẹ̀! Ìgbà yẹn gan-an ni owó fóònù tán.

Gbọ́ èyí tó kù. Mo ti gun àkàbà dé ìdajì nígbà tí káńsẹ́lọ̀ sáré dé. Ó ní bí mo bá fọwọ́ kan ojú yẹn, mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn. Ó ní ojú ìjọba ni. Mo dúró lórí àkàbà, mo rò ó. Mo ní n kò sọ pé kì í ṣe ojú ìjọba, ṣùgbọ́n ó dí oòrùn lójú. Mo ní bàbá tó bí mi lọ́mọ gan-an, bó bá dúró síbi tí n kò fi ríran, mo máa ní, Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀. Mo tú okùn náà. N kò tẹ alága mọ́lẹ̀ o, mo ká a dáadáa, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ léjìká bí ẹni gbé ẹni tó sùn. Ọ̀rẹ́ mi náà gùn ún lẹ́yìn mi, ó ká aṣòfin tirẹ̀. Káńsẹ́lọ̀ ní kí n mú fìlà ẹgbẹ́ wá. Mo ṣí i lórí, mo fún un. Orí mi fúyẹ́, n kò ní purọ́ fún ọ, ó sì dùn mí.

Kò sí ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Gbogbo obìnrin ń wò mí bí ẹni tó jí nǹkan wọn. Nígbà tó yá, ohun kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lẹ́yìn yàrá náà bí oyin. Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ti yí padà. Ìyá rẹ na ọwọ́ sínú rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀, ó fà á jáde, ó sì gbé e lé mi lọ́rùn. Mo fò sókè. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ìyá rẹ ti fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, yálà ọwọ́ tútù tàbí ọwọ́ gbígbóná. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to agbọ̀n rẹ̀ sínú yàrá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tẹ́ ọmọ sùn. Títí di òní, èyí tó kó sí i kò tíì rọ̀. Oníbàárà kan láti ìlú ńlá ti wá wò ó, òun ló ń bẹ̀ wá.

Ìyàwó káńsẹ́lọ̀ náà gbé ata wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó fẹ́ ṣíwájú àwọn tó ti tò. Ó ní ṣé mo mọ ọkọ òun. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, kó lọ tò sẹ́yìn.

Alága wá dé o! Ó kú ọjọ́ díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí ló dé. A ti ń lo yàrá náà, ṣùgbọ́n wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù sí ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin sì ń bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láti lọ gbé agbọ̀n wọn. Ó gé e, a pàtẹ́wọ́. Ó ní inú yàrá gan-an ni òun yóò ti sọ̀rọ̀, kí àwọn onífọ́tò lè ya òun pẹ̀lú tòmátì. Wọ́n ti ilẹ̀kùn kí òtútù má baà jáde. Ìwọ mọ ọ̀rọ̀ alága. Nígbà tó wá ṣí afárá, ó sọ̀rọ̀ títí ewúrẹ́ fi sùn lọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó ní, ẹ̀yin èèyàn mi, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ó ní a ó tún ọ̀nà yín ṣe, ẹ ṣeun, ó ti bọ́ síta. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ dópin nìyẹn. Àwọn tó wá tún ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í da òkúta lánàá.

Nítorí náà mo ní iṣẹ́ kan fún ọ̀gá rẹ. Ṣé ó lè ṣe èyí tó tóbi, tó lè gba gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọba pẹ̀lú àga wọn? Kí wọ́n máa ṣe ìpàdé nínú rẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi yóò sọ ọ́ kíákíá, ẹni tí kò ní yóò dákẹ́, òfin tí wọ́n ti ń jiyàn lé lórí láti ọjọ́ pípẹ́ yóò parí kí ọ̀sán tó pọ́n. A máa fún un ní ilẹ̀. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́, ó ní kí wọ́n má gbàgbé ibi tí wọn yóò gbé àwọn onífọ́tò sí.

Àwọn obìnrin ọjà ti fi mí ṣe olùṣọ́ ilẹ̀kùn, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Òtútù náà ń wọ eegun, nítorí náà fi súwẹ́tà tó nípọn ránṣẹ́ sí mi, méjì ni kí o rà, òun náà ń gbọ̀n. Fi owó díẹ̀ sí i tí mo fi máa ra bàtà, má jẹ́ kí ìyá rẹ mọ iye rẹ̀. Fún ìyá rẹ náà ní tirẹ̀, má sì jẹ́ kí n mọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́.

Sọ fún ọ̀gá rẹ pé kí ọkọ̀ tó ní òun yóò rán máa bọ̀, a kò ní dá a dúró. Kó má kó sípánà wá. Agbọ̀n òfìfo ni kó kó wá, tiwa kò tó mọ́.

Ìwọ ọmọ mi, ọwọ́ tí o fi ń ṣiṣẹ́ kò ní rọ. Ìlú tí o kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún kò ní dójú tì ọ́ mọ́. Oúnjẹ tí o bá gbìn, wàá jẹ nínú rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ yóò jẹ, àlejò yóò jẹ, yóò sì tún ṣẹ́kù. Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ tí kì í ṣe òṣèlú. Àmín, àmín, àmín.

Èmi ni, bàbá rẹ, tí ẹgbẹ́ lé, tí ìyá rẹ gbà padà.